Ọmọ Ló Máa Gbé Àdúgbò Náà: Yaba, Lekki, Sùúrùlérè àti Ìdílé Tó Ń Wá Ilé l'Ékòó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ pè mí. Ẹ̀yin abiyamọ tí ọmọ wà lẹ́yìn yín, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi kò lọ́jú pọ̀ rárá: nínú àwọn àdúgbò tí òkìkí wọn ń kàn l'Ékòó lónìí, èwo ló dára kí ẹni tó ní ọmọ kéékèèké lọ gbé? Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń wo Yaba, àwọn kan ń wo Lekki, ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé Sùúrùlérè ni ìyá rẹ̀ ń tì í sí. Olùkọ́ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ, ní Yaba, láti ìgbà tí n kò tíì lọ́kọ títí di òní tí ọmọ mi àgbà ti wọ yunifásítì. N kì í ṣe ajẹ́ńtì, n kò sì ní ilé tí mo fẹ́ fi háyà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, òun náà ni màá sì fi dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ń sọ àdúgbò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ ni. Ibi iṣẹ́ tó wà nítòsí, ibi tí wọ́n ti ń jẹun lálẹ́, ibi tí orin ti ń dún, íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá, ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní òpópónà kejì: ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, wọn kò sì jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iye tí àwọn bá gbà láti san ni onílé máa ń bù lé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá kó ìyàwó àti ọmọ méjì wọ ibẹ̀ ń sanwó ohun tí kò ní ráyè lò. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé ilé oúnjẹ tó lókìkí wà ní ìkángun òpópónà. Ohun tó mọ̀ ni aago tí wọ́n jí i, ibi tó ti lè sáré, ẹni tó ń pè é lórúkọ bó bá ń kọjá, àti bóyá bàbá rẹ̀ á dé kí oorun tó gbé e lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó fi orúkọ àdúgbò sílẹ̀, kó yan òpópónà kan ṣoṣo, kó sì fi ọjọ́ ọmọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, láti ìgbà tó bá jí títí dìgbà tó bá sùn.

Yaba tí mo ń gbé ni màá fi ṣàpẹẹrẹ jù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú irin ló kọ́kọ́ dé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta sì di ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wá jà l'Ékòó. Ilé há mọ́ra wọn ní Erékùṣù Èkó, èrò pọ̀ nínú yàrá kan, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, àrùn náà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1928 ni ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún Èkó ṣe, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní LEDB. Ara iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni pé wọ́n la ilẹ̀ Yaba sí òpópónà, kí ará Èkó lè rí ibi tó láyè kọ́lé sí. Ẹni tó bá rìn láti Alágoméjì lọ sí Adékúnlé yóò rí i títí dòní pé àwọn òpópónà ibẹ̀ tọ́, wọ́n ń dábùú ara wọn, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó wọ̀n ọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ilé tí ènìyàn ti máa tọ́ ọmọ ni wọ́n ń pèsè.

Lẹ́yìn ilé ni ilé ìwé dé. Igbobi College bẹ̀rẹ̀ ní 1932. Yaba Higher College ṣí ní 1934, nígbà tó sì di 1947, Yaba College of Technology rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962, Akọka sì di ilé rẹ̀. Queen's College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, wà ní Yaba pẹ̀lú. N kò ka àwọn wọ̀nyí fún ìyàngàn. Mo kà wọ́n nítorí pé ibi tí ilé ìwé bá pọ̀ sí báyìí, títà ìwé, lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ tó ń gbé nítòsí, ọmọ ilé ìwé gíga tó lè wá kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo rẹ̀ máa ń wá fúnra rẹ̀.

Nígbà tó di 2011 ni Co-Creation Hub, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣílẹ̀kùn lójú ọ̀nà Herbert Macaulay. Kí ló dé tó fi jẹ́ Yaba? Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà já láti ibẹ̀ sí Erékùṣù àti sí Ìkẹjà, owó ilé kò sì tíì ga nígbà náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá kí wọn ní Yaba, àwòrán rẹ̀ sì lọ káàkiri ayé. Láti ìgbà náà ni gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ti fẹ́ gbé Yaba. Ẹ rò ó wò: ilé ìwé, ojú irin, òpópónà títọ́ tí wọ́n ṣe nítorí ìdílé, àwọn gan-an ló fa òkìkí wá, òkìkí náà ló sì wá ń lé ìdílé jáde.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Òpópónà kan wà tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé alájà kan wà níbẹ̀, yàrá mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè, igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ilé náà àti ti alámùúlégbè máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sùwé sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀. Nígbà tí bàbá tó ni ín kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tà á. Ẹni tó rà á wó o, ó gé igi náà, ó sì kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ rẹ̀, self-contain gbogbo. Ó da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ tó kù kí ọkọ̀ lè ráyè dúró. Àwọn ayálégbé ibẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí, wọ́n máa ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kankan nínú ilé náà mọ́, kò sì sí ìlà sùwé níwájú rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé bí ilé mẹ́ta bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpópónà kan, ìdílé tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ta ni ọmọ òun fẹ́ bá ṣeré.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé mo ń lé yín ní Yaba. Òpópónà tí ìdílé ṣì kún inú rẹ̀ wà ní Oníkẹ, wọ́n wà ní Abúlé Ìjẹ̀shà àti lápá Fọlá Agòrò, wọ́n wà ní Akọka níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ń gbé. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo orí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Bí ẹ bá rí aṣọ ilé ìwé kéékèèké, oríṣi méjì mẹ́ta, ọmọ wà níbẹ̀, ìyá wọn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Yaba ní àléébù tirẹ̀. Apá Ìwàyà súnmọ́ ọ̀sà, ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi sì máa ń gòkè. Èéfín ẹja yíyan láti Mákòko máa ń fẹ́ wọ àwọn àdúgbò tó wà létí omi, pàápàá lóru. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, ẹ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wákàtí báyìí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣe ìṣirò tí kò pé. Ẹ̀ ń wò ó pé ilé tó wà ní Sangotedo tàbí Awoyaya, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ajah, fi owó díẹ̀ dín sí ti Yaba, ó tún ní yàrá kan lé, orúkọ Lekki sì wà lára àdírẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ń lo wákàtí méjì lọ síbi iṣẹ́, méjì bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ogún wákàtí nìyẹn. Ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ju àkókò tí ọ̀pọ̀ bàbá fi ń rí ọmọ rẹ̀ nígbà tí ojú ọmọ náà là. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú ni ti ọmọ tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nítorí pé ilé ìwé wà lọ́nà ibi iṣẹ́. Mo ní ọmọ kan bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi rí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Inú ọkọ̀ ló ti máa ń wọṣọ, inú ọkọ̀ ló ti máa ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ó sì máa ń dé ṣáájú kí a tó ṣí géètì. Ọmọ náà lè ka gbogbo ibùdókọ̀ láti Ajah dé Ọ̀bálendé lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́sàn-án tí a bá ń ṣe ìṣirò, orí rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Orí rẹ̀ pé gan-an ni, oorun ló ń pa á.

Ohun tí Yaba fi ṣe mí lóore nìyí, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí ìdílé sanwó lé. Láti Adékúnlé, ẹ ti gun Afárá Kẹta, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà mọ́kànlá lé díẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti apá Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí ti ń jẹ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bọ̀ láti òpin afárá kí ẹ̀yin tó já sí i láàárín. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ń kó èrò láti Agbado títí dé Oyingbo, Yaba sì wà lára ibùdó rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Ọṣòdì lè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń lọ láti Mile 2 sí Marina, ó sì wúlò fún àwọn tó wà ní ìhà Òrílé àti Ìgànmú tó súnmọ́ Sùúrùlérè. Bí ẹ bá ń wo ilé, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀kùn ilé náà dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣeé rìn lóòótọ́.

Ó yá, Lekki. N kò kórìíra Lekki. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tí ilé ìwé ọmọ wà nínú Phase 1 níbẹ̀, ẹ lọ gbé Phase 1 bí agbára yín bá ká a. Éstéètì tó ní géètì dára fún ọmọdé: mo ti rí ọmọ ọdún méje tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín títì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, èyí tí n kò lè gbà kí ọmọ tèmi ṣe ní Yaba. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Ní oṣù keje ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, ìjọba lé àwọn ará Màrókò, àdúgbò àwọn tálákà tó wà lápá ibẹ̀, kúrò nílé wọn. Ó tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn tí wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ náà kàn. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó. Lẹ́yìn tí àwọn tálákà lọ tán ni wọ́n kó iyanrìn dà sí i, tí wọ́n sì pín in fún olówó. Iyanrìn náà gbé ilé sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún òjò pé kó gba ibòmíràn lọ. Ní oṣù keje ọdún 2011 àti ní oṣù keje ọdún 2017, òjò rọ̀ tí ọ̀pọ̀ òpópónà ní Lekki àti Victoria Island fi di odò. Àwọn olówó ńlá wà níbẹ̀ tí wọn kò lè jáde nílé. Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé kò gbọ́dọ̀ fojú kéré irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí gọ́tà tí kò níbòrí kì í hàn nígbà tí omi bá ti bo títì.

Omi mímu náà wà ńbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lápá ọ̀hún, omi kànga dẹ̀rọ máa ń pupa tàbí kó níyọ̀ lára. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí onílé fi ń sẹ́ omi, kí ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ omi tó wà ní ilé ìdáná, kì í ṣe ti iwájú ilé nìkan.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ kò gùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ti gbé owó Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 fún ìwọ̀n iná kan nígbà náà, gbogbo ajẹ́ńtì ló ń fi Band A polówó ilé. Ogún wákàtí lójúmọ́ ló yẹ kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ máa rí. Ẹ má gba ti ajẹ́ńtì gbọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn ayálégbé kan, kí ẹ ní kó fi risíìtì tó fi ra iná hàn yín, kó sì sọ bí iná náà ṣe ń wá. Kí ẹ tún wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kọjú sí, nítorí bí ẹnu èéfín rẹ̀ bá kọjú sí fèrèsé yàrá ọmọ yín, iná Band A kò ní gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí.

Èyí tí màá sọ tẹ̀ lé e wúwo, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fáájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé ìwé kékeré wà ní àjà òkè rẹ̀, ọmọ sì wà nínú kíláàsì. Ó tó ogún ènìyàn tó kú, ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ní àdúgbò tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, ilẹ̀ wọ́n, onílé sì máa ń fẹ́ fi àjà kún àjà lórí ìpìlẹ̀ tí wọn kò ṣe fún un. Bí ẹ bá wọ ilé àtijọ́ kan tí ẹ rí i pé àjà òkè rẹ̀ tuntun, tí ògiri ìsàlẹ̀ ti ń sán, ẹ jáde. Ẹ wo ilé ìwé ọmọ yín bẹ́ẹ̀ náà. L'Ékòó lónìí, ilé ìwé aládàáni pọ̀ tó jẹ́ pé ilé gbígbé ni wọ́n sọ di ilé ìwé. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà tí àwọn ọmọ á gbà jáde bí iná bá ṣẹ́. Bí ojú olùdásílẹ̀ bá le nígbà tí ẹ béèrè, ẹ ti rí èsì.

Ìyá ẹni tó ń tì í sí Sùúrùlérè ni mo fẹ́ gbè báyìí. Láti 1955 ni LEDB ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, ó ní ilé ìdáná, ó ní omi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àwọn kì í rí ẹbí mọ́ bíi tàtijọ́, pé owó ọkọ̀ ń jẹ àwọn run, pé ọjà tí àwọn ìyá ń tà kò yá mọ́ nítorí oníbàárà wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé dára, ẹni tó ń bá wọn gbé ọmọ kò sí nítòsí. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi tún ìyẹn kọ́. Lónìí, ní àwọn òpópónà tó wà lẹ́yìn Adeniran Ogunsanya àti ní ìhà Másha, ẹ máa rí ìyá àgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló tún ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Irú òpópónà bẹ́ẹ̀ kì í jáde nínú ìpolówó, ṣùgbọ́n mo kà á sí ohun tó níye lórí ju ilé tuntun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ agbépo ṣubú lórí afárá. Aago mẹ́ta ni a máa ń parí. Títí di aago méje alẹ́, ọmọ méjì ló kù lọ́dọ̀ wa tí òbí wọn há sọ́nà. Irú ilé tuntun tí mo júwe lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀kan ń gbé. Mo pe ìyá rẹ̀, ó ń sunkún lórí fóònù. Kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo òpópónà náà tó lè ní kó wá mú ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gbé ibẹ̀ ó lé lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n èkejì, kí n tó tẹ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni ìyá alákàrà kan ti dúró sẹ́nu géètì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti pè é. Ọmọ náà ti sáré lọ dì mọ́ ọn, ó sì ti ń bi í bóyá àkàrà kù. Mo fún un ní ọmọ nítorí pé òun náà wà nínú ìwé àwọn tó lè wá gbé e. Àwa àgbà máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ lọ wá ọjà tí àgbà wà o. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ra àkàrà, ẹ ra ọsàn, ẹ gbé aṣọ fún télọ̀ ní òpópónà náà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á béèrè orúkọ ọmọ yín.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ìyàwó kan dìde, ó ní ibi iṣẹ́ ọkọ òun wà ní Victoria Island, tòun wà ní Ìkẹjà, ta ni kí ó máa rìn jìn? Ìbéèrè tó dára ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí ilé ìwé ọmọ, kí wọ́n gbé sí ibi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn méjèèjì sì máa pín ọ̀nà tó kù láàárín ara wọn. Yaba àti Gbàgádà wà láàárín àwọn ibi méjèèjì yẹn. Àgbàlagbà lè fara da ọ̀nà jíjìn fún ọdún mélòó kan. Ọmọ kò lè gba ìgbà èwe rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti owó kádìí rẹ̀, ká tún wo bí ẹ ó ṣe yẹ ilé wò. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti Ìkẹjà GRA sílẹ̀, ṣùgbọ́n Yaba, Sùúrùlérè àti Lekki wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san ọdún méjì, ẹ dárúkọ òfin fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kọmíṣọ̀n ajẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́ tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án, nítorí bí owó ilé bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, àwọn méjèèjì á jọ kan yín lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ bẹ onílé kó jẹ́ kí ọdún yín bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà bí ẹ bá tètè sọ ọ́.

Ajẹ́ńtì yóò fẹ́ mú yín lọ wo ilé ní aago mọ́kànlá ọjọ́ Sátidé, tí ọ̀nà já gaara, tí gbogbo ibi parọ́rọ́. Ẹ tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ sì tún dá lọ fúnra yín. Ẹ lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ rí bí àwọn ọmọ ṣe ń jáde lọ sílé ìwé àti bí ọkọ̀ ṣe ń tò. Ẹ lọ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ dúró síta díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ilé ìjó, ilé shortlet tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn wà nítòsí tí kò ní jẹ́ kí ọmọ sùn. Ìyẹn nìkan ti lé ìdílé mẹ́rin tí mo mọ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti sanwó tán. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má sanwó ilé kankan tí ẹ kò tíì rí lẹ́yìn òjò ńlá. Bí onílé kò bá lè dúró dè yín títí di ìgbà òjò, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wo ẹ̀yìn àga àti ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, bóyá ìlà tí omi fà wà níbẹ̀, àti bí ìlà náà ṣe ga tó sí orúnkún ọmọ yín.